Ìwọ̀n Kẹ̀kẹ́ Aránṣọ

Kò sí ọmọ kan ní àdúgbò náà tí aṣọ ilé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ kò gbé mì. Bí o bá rí ọmọ tí apá ẹ̀wù rẹ̀ bo ọmọ ìka, tí ṣòkòtò rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ lọ níwájú rẹ̀, má ṣe béèrè ẹni tó rán an. Aránṣọ ni.

"Àyè ni mo fi sílẹ̀," ni yóò wí fún ìyá ọmọ tó bá ń ráhùn. "Ọmọ ń dàgbà, aṣọ kì í dàgbà. Èyí tó tóbi, a ó dín in. Èyí tó há ńkọ́? Ṣé ká gé ọmọ ni?"

Ìyá ọmọ á rẹ́rìn-ín, á ká aṣọ rẹ̀, á máa lọ. Nígbà tí ọmọ náà bá fi máa kúrò ní kíláàsì, aṣọ á ti bá a mu rẹ́gí, Aránṣọ á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á máa yangàn bí ẹni pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ náà gùn.

Ọdún kan ti kọjá tí ọkọ rẹ̀ ti lọ sinmi. Láti ìgbà náà, ibùsùn, ibi ìdáná àti ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Kì í ṣe pé ó ń sunkún láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹkún ti lọ, ìdákẹ́jẹ́ ló ṣẹ́kù. Ilé náà dákẹ́ débi pé bí òwú bá já lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó ń gbọ́ ọ.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọkùnrin gbọọrọ ni. Láti ọjọ́ tí Aránṣọ ti wọlé ọkọ ló ti ń pè é ní Agùntáṣọọ́lò, nítorí kò sí aṣọ tí a gbé kọ́ ọ lọ́rùn tí kì í yẹ ẹ́. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn, ní ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ tó gba inú igbó lọ sí adágún omi. Bí ọkọ bá ti ibẹ̀ dé, tí eruku bò ó dé ìpéǹpéjú, á ní, "Ìyàwó mi, lọ́jọ́ kan, wàá bá mi débẹ̀." Aránṣọ á ní, "Ẹ jẹ́ kí n parí aṣọ ilé ìwé yìí ná."

Aṣọ ilé ìwé kò tán. Ọkọ ló lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Agùntáṣọọ́lò wá, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "Sátidé tó ń bọ̀, à ń lọ sí adágún. Ẹ bá wa lọ."

"Kí n fi kí ni lọ? Ẹsẹ̀ mi?"

"Kẹ̀kẹ́ ni."

"Ti ẹ̀gbọ́n yín?"

"Ti ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mò ń gùn ún báyìí. Ó sì ga jù fún yín. Bí ẹ bá gùn ún, àkàbà la máa fi sọ̀ yín kalẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Aránṣọ. Ó yà á lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú yàrá náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló rẹ́rìn-ín.

Ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Nígbà tó wà nílé ìwé, òun ni ọ̀gá wọn máa ń rán lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ọ̀gá náà ló sì ń gùn lọ. Nǹkan tí ara bá ti kọ́, ara kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n ti ọkàn ni kò dá a lójú. Ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọkọ mi," ó ní, "mo gbọ́. A ó lọ wá kẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gbìyànjú ẹ̀. Bó bá yẹ mí, ó yẹ mí. Bí kò bá yẹ mí, ẹ má tún pè mí jáde nínú ilé yìí mọ́. Kí ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ mi."

Agùntáṣọọ́lò mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ báyẹn, kì í yẹ̀ ẹ́. "Mo gbà," ó ní, bí ọmọdé tí wọ́n gbé ẹyin lé lọ́wọ́ pé kó máa sáré.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ ra kẹ̀kẹ́, kí Agùntáṣọọ́lò tó dé, Aránṣọ dúró níwájú dígí, ó fa téèpù yọ lọ́rùn, ó wọn ara rẹ̀. Ó wọn apá, ó wọn gíga, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọn ẹsẹ̀ láti abẹ́ dé ilẹ̀. Ó fi díẹ̀ kún ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí, ó múra.

Ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ náà wà láàárín ilé búrẹ́dì àti ilé onífótò. Òórùn rọ́bà àti epo ṣéènì pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Lókè, wọ́n fi àwọn kẹ̀kẹ́ kọ́ àjà, gbogbo wọn dorí kodò bí àdán. Obìnrin kúkúrú kan jáde láti ẹ̀yìn tábìlì iṣẹ́, ó fi àkísà há ìbàdí, gíríìsì kún ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni oníkẹ̀kẹ́ náà wí. Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin òpó iná náà, ẹ káàbọ̀. Ẹ tẹríba o, pẹ́dà wà lókè."

"Ìyàwó wa ló fẹ́ kẹ̀kẹ́," ni Agùntáṣọọ́lò wí, ó tẹríba. "Èyí tó lè gba ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́."

"Mo mọ èyí tẹ́ ẹ ń wí. Ẹ wò ó: ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò, ẹ lè dì í mú lókè, ẹ lè dì í mú nísàlẹ̀. Táyà rẹ̀ sanra ju ti eléré ìje lọ, kò sì wúwo bíi ti àwọn tó ń gun orí òkè. Ó lè sáré lójú ọ̀dà, ó sì lè rìn nínú òkúta. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀rọ̀ àwọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ férémù. Férémù ni egungun ẹ̀. Bí egungun kò bá bá yín mu, gbogbo ìyókù, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹ mọ ìwọ̀n yín?"

"Ṣé aránṣọ lẹ ń bi?" Aránṣọ ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, gíga, apá, ẹsẹ̀.

Oníkẹ̀kẹ́ náà wò ó láti orí dé bàtà, ó tún wò ó láti bàtà dé orí. "Kékeré wà, àárín wà, ńlá wà," ó wí jẹ́jẹ́. "Bí ẹ ṣe kà á yìí, àárín ni."

"Ńlá ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ gun ńlá?"

"Èmi ni. Kí àyè lè wà."

"Ẹ̀gbọ́n mi," oníkẹ̀kẹ́ náà ní, "ṣé ẹ ṣì ń dàgbà ni?"

Agùntáṣọọ́lò bú sẹ́rìn-ín, ó gbórí sókè, pẹ́dà kan sì kàn án lórí gbàù. "Yéè!"

"Mo ti sọ fún yín," ni oníkẹ̀kẹ́ wí, láìwẹ̀yìn.

Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú àárín sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà, kí ó má ṣáà há. Wọ́n mú un wá. Àwọ̀ ewé tútù ni, ó ń dán. Aránṣọ fi ọwọ́ pa férémù náà bí ẹni ń pa aṣọ olówó iyebíye, ó wo bí irin rẹ̀ ṣe gùn láti ìjókòó dé ọwọ́. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ó jọ ti ẹ̀gbọ́n mi," ni Agùntáṣọọ́lò wí.

"Mo rí i."

Àgbàlá kan wà lẹ́yìn ilé ìtajà náà, tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí, kí oníbàárà lè dán kẹ̀kẹ́ wò. Páálí òfìfo kó jọ gègèrè sí igun kan. Aránṣọ ká etí aṣọ rẹ̀ sínú ṣòkòtò, ó gbẹ́sẹ̀ kọjá irin, ó wa kẹ̀kẹ́. Fún ìgbà díẹ̀, ohun gbogbo dára. Òkúta ń ké pàrà-pàrà lábẹ́ táyà, atẹ́gùn fẹ́ sí i létí, ó sì rántí ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ ayé àtijọ́.

Lẹ́yìn náà ló rí i pé apá òun nà tán. Ó ní láti tẹ̀ síwájú kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tó ìwo àgbò náà, ọrùn rẹ̀ sì yọ síta bíi ti ìjàpá tó ń wo ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó fẹ́ yí kẹ̀kẹ́ sí apá kejì, kẹ̀kẹ́ lọ síbi tó wù ú. Ó tẹ bíréèkì. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ kò sí níbi tó rò pé ilẹ̀ wà. Irin férémù gbá a níbi tí a kì í sọ láwùjọ, ó ní "Hẹ̀ẹ́n!", òun àti kẹ̀kẹ́ sì wọ inú páálí lọ, gbì.

Páálí gbà á bí ìyá. Kò fi ara pa. Agùntáṣọọ́lò fò wá, ó ń kó páálí dànù lọ́tùn-ún lósì.

"Ìyàwó wa! Ìyàwó wa! Ẹ fọhùn!"

"Kí n fọhùn kí n wí kí ni?" Ohùn rẹ̀ wá láti abẹ́ páálí. "Ẹ gbé nǹkan yìí kúrò lára mi."

Nígbà tó dìde, ẹ̀rín kò sí lójú rẹ̀ mọ́. Ó gbọn eruku kúrò lára, ó wo kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé tó dùbúlẹ̀, tí táyà rẹ̀ ṣì ń yí.

"Kò yẹ mí," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, ọkọ mi. Mo sọ fún yín, mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré."

Agùntáṣọọ́lò dúró, gíga rẹ̀ kò wúlò fún un. Ó mọ ilé tó ń wí. Ó mọ bí ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣe máa ń tì. Ó wo oníkẹ̀kẹ́ bí ẹni tí omi ń gbé lọ ti í wo igi.

Oníkẹ̀kẹ́ kò wo ojú rẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ dúró, ó nu ìjókòó rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kẹ́ ẹ tó lọ, ọ̀rọ̀ kan péré. Ta ló wọ̀n yín?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ẹsẹ̀ náà?"

"Ẹsẹ̀ náà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo..." Aránṣọ ṣe bí ẹni fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó sì rí ara rẹ̀: bí èjìká ṣe sọ̀ kalẹ̀, bí ìbàdí ṣe yẹ̀, bí téèpù ṣe máa dẹ̀ tí á sì ṣẹ́ kọ́rọ́. Òun tó jẹ́ pé bí oníbàárà bá gbé ìwọ̀n wá láti ilé, ńṣe ló máa ń lé e padà sí àárín yàrá pé, dúró dáadáa, gbé ojú sókè, ara ẹni kì í wọn ara ẹni. Ó bo ẹnu.

"Háà," ó ní. "Mo fi díẹ̀ kún un náà."

"Ẹ fi kún un!"

"Gbogbo ẹ̀ ni mo fi kún."

Oníkẹ̀kẹ́ fi àkísà bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Agùntáṣọọ́lò kò mọ̀ bóyá ó yẹ kóun rẹ́rìn-ín, ó wá ń wúkọ́.

"Ta ló máa ń bá yín wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀?" ni oníkẹ̀kẹ́ béèrè.

"Ọkọ mi ni." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni sọ àkókò. "Òun ló máa ń di orí téèpù mú. Kò mọ nǹkan kan nípa aṣọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n dì mú. Láti ìgbà tó ti lọ, n kò rán nǹkan kan fún ara mi."

Oníkẹ̀kẹ́ lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì, ó fọ̀ ọ́ dáadáa, ó nù ún gbẹ. Ó na ọwọ́ mímọ́ náà sí Aránṣọ.

"Ìwọ̀n tí kò tọ́ lẹ fi gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀kan yẹn kò kà. Ẹ yá mi ní téèpù yín."

Aránṣọ dúró. Téèpù náà wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbà á rí láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Ó bọ́ ọ, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni òpó iná," ni oníkẹ̀kẹ́ wí, "ẹ lọ wò ó bóyá búrẹ́dì ti jinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa."

"Ebi kò pa mí."

"Kò sí ẹni tó ní ebi ń pa yín. Ẹ máa lọ!"

Ó lọ. Aránṣọ bọ́ bàtà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Oníkẹ̀kẹ́ mú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, ó ní kó fi há abẹ́, kó fà á sókè títí yóò fi le bí ìgbà tó jókòó lé ìjókòó kẹ̀kẹ́. Ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ògiri níbi tí etí ìwé náà dé, ó sì na téèpù láti ibẹ̀ dé ilẹ̀. Ó wọn gíga rẹ̀, ó wọn apá. Aránṣọ gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ó ti gbàgbé bó ṣe rí kí ẹlòmíràn máa wọn ni, kí ènìyàn ṣáà dúró, kí ó má ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí Agùntáṣọọ́lò padà dé pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ apá, oníkẹ̀kẹ́ ti gbé kẹ̀kẹ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àárín aláwọ̀ ewé àti kékeré kan tó pupa bí ata.

"Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì yìí. Ìwọ̀n yín tóbi díẹ̀ fún kékeré, ó kéré díẹ̀ fún àárín. Ẹlòmíràn á mú èyí, ẹlòmíràn á mú tọ̀hún. N kò ní yàn fún yín."

Ẹnu Aránṣọ ti là. Ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ níbẹ̀, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n: èyí tó tóbi. Ó pa ẹnu dé. Ó rìn yí kẹ̀kẹ́ méjèèjì ká bó ṣe máa ń yí oníbàárà ká, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Níbo ló ti ṣeé tú?" ó béèrè.

"Báwo?"

"Aṣọ, ibi tí mo bá pa etí rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni mo lè tú. Èyí ńkọ́? Kí ló lè gùn sí i lára kékeré yìí?"

Inú oníkẹ̀kẹ́ dùn bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó ti ń dúró dè. "Ọ̀pá ìjókòó nìyí, mo lè fà á sókè. Irin kékeré tó di ọwọ́ mú yìí, mo lè yọ ọ́, kí n fi èyí tó gùn díẹ̀ sí i."

"Àárín ńkọ́? Kí lẹ lè dín lára ẹ̀?"

"Mo lè sọ ìjókòó kalẹ̀. Mo lè fa ọwọ́ súnmọ́ yín díẹ̀. Ṣùgbọ́n irin òkè yìí," ó gbá a, ó dún gbọin, "ibi tó dúró sí náà ló máa dúró sí. N kò lè gé e."

"Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ kò lè gé èmi náà."

"N kò lè gé yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Aránṣọ dúró, ó ń wo àárín aláwọ̀ ewé náà. Ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀, èyí tó tóbi ló ní àtúnṣe. Ní ibí, èyí tó kéré ni. Ó bi ara rẹ̀ pé àyè tóun ń wá lórí irin gígùn yìí, ta lóun ń fi í sílẹ̀ fún. Kì í ṣe ọmọ tó ń dàgbà. Òun kò tún ní ga sí i. Ọkọ rẹ̀ ni ìdáhùn tó wá bá a níbi tó dúró sí, jẹ́jẹ́, kò sì dùn ún tó bó ṣe rò. Ó fi ọwọ́ kan irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì yípadà.

"Ẹ bá mi gbé pupa yẹn wá."

"Kékeré kẹ̀?" Agùntáṣọọ́lò ké. "Ìyàwó wa! Àwọn ẹgbẹ́ á ní ohun ìṣeré ọmọdé la rà fún yín. Wọ́n á ní a kò tọ́jú ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa!"

"Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́," ni Aránṣọ wí. "Ẹ jẹ búrẹ́dì yín."

Oníkẹ̀kẹ́ fa ìjókòó sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìwọ̀n irun, ó mú un le. Nígbà tí Aránṣọ gùn ún ní àgbàlá, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ọrùn rẹ̀ jókòó sí àyè rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí ilẹ̀ nígbà tó wá a. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó gbà. Ó yí i sósì, ó gbà. Ó yí àgbàlá náà ká títí oníkẹ̀kẹ́ fi jókòó sórí páálí, tí òun àti Agùntáṣọọ́lò jọ ń jẹ búrẹ́dì.

"Ẹ sọ fún un kó sọ̀ kalẹ̀, ká lè sanwó," ni Agùntáṣọọ́lò wí.

"Ẹ̀yin lẹ ni ín," ni oníkẹ̀kẹ́ dáhùn. "Ẹ sọ fún un fúnra yín."

Nígbà tí Sátidé pé, ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí ẹgbẹ́ náà wọ ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn kan kí Aránṣọ, wọ́n sì yára wo ibòmíràn, nítorí wọn kò mọ ohun tí à ń sọ fún opó lórí kẹ̀kẹ́. Obìnrin kan ní, "Kẹ̀kẹ́ yín mà rẹwà o." Ó ní, "Ó bá mi mu ni." Kò sí ohun mìíràn láti sọ, wọ́n sì lọ.

Ọ̀nà náà le. Òkúta ń yí lábẹ́ táyà, ibi tí omi òjò ti gbẹ́ kòtò sí kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n níbi tí kẹ̀kẹ́ bá ti fẹ́ yọ̀, Aránṣọ ń fà á padà, ó sì ń gbọ́ràn. Lórí òkè kékeré kan tí àwọn ọkùnrin ti sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wọn, ó kọjá lára wọn, ó ń mí fìn-ìn-fìn-ìn, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyàwó wa!" ni ohùn kan ké lẹ́yìn. "Ẹ rọra o! Ẹ dúró dè wá!"

"Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín gùn!"

Adágún náà yọ láàárín igi lójijì, ó fẹ̀, ó sì pa rọ́rọ́. Aránṣọ dúró, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ló ti ń bẹ̀rù pé ibí ni ẹkún máa dé. Ẹkún kò dé. Ó wo omi náà pẹ́, bí a ṣe ń wo àwòrán ibi tí ẹni tí a fẹ́ràn ti ń ṣeré nígbà tí a kò sí níbẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ létí rẹ̀, ó bu omi díẹ̀ sójú. Omi náà tutù. Ó ní, "Ẹ ṣeun," kò sì sí ẹni tó béèrè ta ló ń bá sọ̀rọ̀.

Agùntáṣọọ́lò dé, ó da kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí koríko, ó da ara rẹ̀ tì í. Àwọn ìyókù bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò, wọ́n ń mu omi.

"Ọ̀nà yìí ò tíì tán," ni Aránṣọ wí. Òkúta wẹ́wẹ́ náà yí etí adágún ká, ó wọ inú igi lọ ní òdì kejì. "Níbo ló dé?"

"N kò mọ̀. Ibí la máa ń dé. Ibí ni ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń ní ká padà."

"Kò débẹ̀ rí?"

"Kò débẹ̀ rí."

Ó rò ó wò. Lẹ́yìn náà, ó gbẹ́sẹ̀ kọjá irin pupa náà, ó jókòó.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí ná!"

"Ẹ máa mí bọ̀ lẹ́yìn, ọkọ mi."

Ó wa kẹ̀kẹ́, òkúta sì ń ké lábẹ́ rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò kérora, ó na ẹsẹ̀ gígùn méjèèjì, ó dìde, ó tẹ̀ lé e.